Ọmọ SS1 tó fẹ́ kọ́ ríwáyà, ṣé kó ṣe WAEC tán ná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS1 níbí n'Íkẹ́rẹ́, iṣẹ́ ríwáyà, fífa wáyà iná sínú ilé, ló lóun fẹ́ kọ́, kò jẹ́ kí n gbádùn. Bàbá ẹ̀ ní kó ṣe WAEC tán ná. Ṣé kò ní pa ìwé ẹ̀ lára tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o màmá. Kó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ níléèwé o. Ìwé yẹn wà nínú iṣẹ́ wa. Bọ́ílà tó jẹ́ 2300 watt, tẹ́ ẹ bá fi iná 230 volt pín in, amp 10 ló máa fà (amp ni bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó), ọmọ tó bá mọ ìyẹn ò ní lọ fi wáyà 1.5 tá a fi ń fa gílóòbù ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà 2.5 tó nípọn jù ú lọ ló máa mú. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, wáyà lè gbóná nínú ògiri, ilé lè jó, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Sátidé àti họ́lídè ni kó máa lọ. Ó máa pẹ́ díẹ̀ ju ti ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ lọ ṣá, torí bí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́ẹ̀kì lọ́jọ́ Túsìdeè, a ti gbọ́dọ̀ to páìpù tí wáyà máa gbà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dúró de ọmọ iléèwé.

Ẹ̀yin àti ọ̀gá tó máa kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ jọ kọ àdéhùn síwèé: ọdún mélòó, owó ìkọ́ṣẹ́, ta ló máa ra irinṣẹ́, ta ló máa náwó fúrídọ̀m. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún mẹ́ta la sọ lẹ́nu, mẹ́rin àbọ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọdún tó kẹ́yìn yẹn, omi ni mò ń pọn fún ìyàwó wọn.

Ẹ tún bi ọ̀gá yẹn bóyá ó máa ń pa iná kí ọmọṣẹ́ tó fọwọ́ kan wáyà. Tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní òun kì í bẹ̀rù iná, ẹ mú ọmọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ká ní JSS 3 ló wà ni, technical college ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ gbé e lọ, ìdánwò NABTEB tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń mú èèyàn wọ poli. Ní báyìí, tó bá gba fúrídọ̀m tán, kó lọ ṣe Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti Ministry of Labour, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ máa ń béèrè ẹ̀.

Kí bàbá ẹ̀ tẹ̀ lé yín lọ rí ọ̀gá náà o, bàbá ló máa sáìn ìwé àdéhùn yẹn.