Ẹ mú tépù káfíńtà dání lọ ra floodlight

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ibẹ̀. Ẹ ní ẹ ti mọ fẹ́ǹsì yí pulọ́ọ̀tì méjì yín ká ní Mọ́níyà, pé ibi ayẹyẹ lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ra floodlight sólà tí wọ́n kọ 500W sí lára tàbí ti 100W tí wọ́n ń fa wáyà NẸ́PÀ sí. Iṣẹ́ iná ìta ni mo fi ń jẹun, èyí tí mo sì gun àkàbà lọ tú sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà pọ̀ ju èyí tí mo so lọ. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí yẹn, òun ni kí ẹ wò kẹ́yìn.

Sólà ni ká kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹ mú tépù tí àwọn káfíńtà fi ń wọn igi dání lọ sọ́jà. Pánẹ́ẹ̀lì tó dáa, tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, tí oòrùn ọ̀sán gangan sì ń ta á lórí, nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 200 ló máa mú wá. Ẹ wọn èyí tó bá iná 500W yẹn wá. Ọ̀pọ̀ tí mo ti wọ̀n kì í ju sẹ̀ǹtímítà 35 sí 35 lọ, ìyẹn kò sì lè mú ju wọ́ọ̀tì 25 lọ wá nígbà tí oòrùn mú jù lọ. Ibo ni 500 ti fẹ́ wá?

Bátìrì inú rẹ̀ tún ń kọ́? Ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá rí 3.2V 10Ah lára bátìrì, ohun tó lè gbà mọ́ra ni èyí tó lè tan iná wọ́ọ̀tì 32 fún wákàtí kan péré. Ká ní lóòótọ́ ni iná náà ń jẹ wọ́ọ̀tì 500, kò ní tó ìṣẹ́jú 4 tí bátìrì á fi gbẹ. Àmọ́ ẹ ó rí i tó tàn láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́ọ̀tì 3 ló ń jẹ, bí kò tiẹ̀ dín. Tí ẹ bá bi ẹni tó ń tà á, á ní orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì ni 500 yẹn. Ẹ má bá a jà, ẹ kàn dá owó yín padà sápò.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ má ra sólà rárá o. Níwájú géètì, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nídìí bòhóòlù, ibi tí fífa wáyà dé yóò ná yín lówó ju iná fúnra rẹ̀ lọ, sólà ni mo máa ń so síbẹ̀. Èyí tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, tó ní wáyà, ni kí ẹ mú, kí iná lè wà lábẹ́ òrùlé, kí pánẹ́ẹ̀lì sì wà lókè níbi tí kò sí òjìji igi, kó dojú kọ gúúsù, kó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Kó jẹ́ bátìrì LiFePO4, ìyẹn oríṣi bátìrì lithium kan. Ẹ tún bèèrè èyí tó ní sẹ́ńsọ̀, tó máa ń rọra tàn títí èèyàn yóò fi kọjá níwájú rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bátìrì dé ìdájí. Lóṣù July àti August tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan á ti sùn kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan máa fi àkísà tútù nu ojú rẹ̀.

Fún gbàgede tí ẹ fẹ́ ta kánópì sí àti ibi tí wọ́n á máa páàkì mọ́tò, èyí tí wọ́n ń fa wáyà sí ni. Oríṣi méjì lẹ ó bá lọ́jà, Alábà ni o, ibòmíì ni o, bákan náà ni wọ́n ṣe to wọ́n. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ bí àwo páànù, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀: ohun gbogbo tó ń darí iná wà lórí pátákó kan náà pẹ̀lú ẹyin iná. DOB ni wọ́n ń pè é. Ìkejì wúwo, ó ní àlùmíníọ̀mù tó rí bí eyín ìyarun tó ń fa ooru jáde lẹ́yìn, ó sì ní dráífà tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí iná, nínú àpótí lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n, èyí tó wúwo ni kí ẹ rà, bó tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì owó èkínní. Iná tiwa yìí, ẹ mọ̀ ọ́n: nírọ̀lẹ́ á wálẹ̀ dé 160 fóólítì, tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé, á fò sókè gan-an. Dráífà tí wọ́n kọ 85–265V sí lára yóò fara da ti ìsàlẹ̀, yóò sì gbìyànjú fún ti òkè. DOB tí wọ́n kọ 220–240V sí kò ní ibi tó máa sá sí. Èyí tí mo bá tú, àmì dúdú kan lẹ máa rí lójú ẹyin iná kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n sì so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ìyẹn kan tó kú ti pa ìyókù. Tí dráífà tó dá dúró bá jó, mo máa ra dráífà mìíràn, iná náà á sì tún padà tàn.

Ní ti COB tó jẹ́ ẹyin ńlá kan pupa rúsúrúsú láàárín, àti SMD tó jẹ́ wẹ́wẹ́, ẹ mú SMD. Ooru COB pọ̀ sójú kan jù, bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá sì nípọn kì í pẹ́ ṣú.

Ẹ má ra ńlá kan sójú géètì. Tí ibi tí iná ń lọ bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ló máa kù nínú ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀, ẹ̀yìn kánópì á sì ṣú dùdù. Wọ́ọ̀tì 50 tó jẹ́ òótọ́, mẹ́rin, lórí òpó mítà 6 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò dára ju wọ́ọ̀tì 200 kan lọ. Tí wọ́n bá kọ 5000 lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, sára wọ́ọ̀tì 50, mo lè gbà á gbọ́. Tí wọ́n bá kọ 15000, ẹ dá a padà. Ẹ bèèrè èyí tó ní lẹ́ǹsì, tó ń tàn ní 60°. Ti 120° tó pọ̀ lọ́jà, fèrèsé aládùúgbò àti ojú ọ̀run ló máa ń gba ìdajì rẹ̀.

Àwọ̀ iná náà ṣe pàtàkì, pàápàá níbi oúnjẹ. Funfun tó mú bí 6500K ló ń pe kòkòrò jù. Ẹ ronú àkọ́rọ̀ òjò, tí èsúnsún bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tí wọ́n sì ń já sínú abọ́ ọbẹ̀ àlejò: mo ti rí ibi tí onínàáwó fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n pa gbogbo iná. Lábẹ́ kánópì, 3000K tó pọ́n rúsúrúsú ni kí ẹ lò, kí 6500K máa bá mọ́tò ṣeré lọ́hùn-ún. Àwọn oníyàwòrán náà á fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí léèsì kì í pọ́n lójú nínú iná funfun yẹn.

IP65 lára páálí, ìyẹn àmì pé eruku àti òjò kò ní wọ inú rẹ̀, dáa, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ wáyà ni omi máa ń gbà wọlé. Tí oníná yín bá fi tépù dúdú lásán dì í níta, wáyà á máa fa omi lọ sínú iná fúnra rẹ̀. Kó fi àpótí ìsopọ̀ tó ní rọ́bà pa á mọ́, kó jẹ́ kí wáyà wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ iná, kí òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò yẹn, ẹ má jẹ́ kó gé e dànù. Wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth) ni, òun ló ń gbé iná tó bá ṣì jáde lọ sínú ilẹ̀. Òpó irin, ilẹ̀ tútù, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri níbi ayẹyẹ: ẹ bá mi dúró tì í níbẹ̀.

Tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ni ẹ máa fi gbé e, ẹ wo PF (power factor) lára dráífà, ìyẹn bó ṣe ń lo iná tó ń gbà dáadáa tó. Tó bá jẹ́ 0.5, wọ́ọ̀tì 200 yín á di ẹrù 400VA lórí ẹ̀rọ. Kó jẹ́ 0.9 sókè. Ní ti owó iná, ẹni tó bá wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, mọ̀ pé láti April 2024 ni wọ́n ti gbé yúníìtì kúrò ní 68 náírà lọ sí 225, kí wọ́n tó tún dín in díẹ̀. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wákàtí 12 jẹ́ yúníìtì 2.4, ìyẹn 540 náírà lóru kan ní 225 yẹn. Nítorí náà, súwíìṣì tiwọn ni kí ẹ fún wọn. Sólà ojú géètì tó fún òru tí kò sí ayẹyẹ.

Ẹ sọ fún mi apá ibi tí kánópì àti ọkọ̀ àwọn agbóúnjẹ máa ń gbà wọlé kí wọ́n tó gbẹ́ ihò òpó, torí ẹ ò ní fẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ìdí gbá a.