Ẹ Bi Wá: Eégbọn, itọ́ rẹ̀, àti àìsàn tó ń gbé kiri

Ìbéèrè lórí eégbọn ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì dá wọn lóhùn níbí.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Báwo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mọ̀ dájú pé eégbọn ló gbé àìsàn kan wá, tí kì í ṣe ẹ̀fọn tàbí omi?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó dá eégbọn lẹ́bi. Wọ́n á rí kòkòrò àìfojúrí náà nínú eégbọn, wọ́n á rí i lára aláìsàn, eégbọn tó ní in yóò sì kó o ran ẹranko tí ara rẹ̀ dá nígbà tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí kẹta yìí ló máa ń le jù.

Ní ọdún 1893, Theobald Smith àti F. L. Kilborne tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ibà tó ń pa màlúù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó màlúù láti gúúsù wá bá ti àríwá nínú ọgbà. Nínú ọgbà kan, wọ́n fi eégbọn sílẹ̀ lára màlúù gúúsù; nínú òmíràn, wọ́n fi ọwọ́ ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò. Ibi tí eégbọn wà nìkan ni màlúù àríwá ti ṣàìsàn. Wọ́n tún jẹ́ kí ẹyin eégbọn pa nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì fi àwọn ọmọ tó jáde sára màlúù tí kò rí gúúsù rí. Ìyẹn náà ṣàìsàn. Ìyá eégbọn ló ti fi kòkòrò àìfojúrí náà sínú ẹyin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi hàn kedere pé kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lè gbé kòkòrò àìfojúrí láti ara ẹranko kan dé ara òmíràn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ ni àìsàn Lyme, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut pè. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, oríkèé àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń wú láìsí ẹni tó mọ ìdí. Ní 1981, Willy Burgdorfer, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Rocky Mountain Laboratories ní Hamilton, ìpínlẹ̀ Montana, ń yẹ eégbọn tí wọ́n kó láti Shelter Island ní New York wò. Ibà mìíràn ló ń wá. Ó gé ẹsẹ̀ eégbọn kan, ó yẹ omi ara rẹ̀ wò, ó rí aràn tín-ín-rín níbẹ̀. Nítorí aràn yẹn ló ṣe la inú eégbọn. Nínú ìfun ló ti bá bakitéríà kan tó lọ́ bí okùn. Nígbà tí wọ́n pò ó mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ṣàìsàn náà, ó hàn pé ara wọn ti bá a pàdé rí. Ní 1982 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. *Borrelia burgdorferi* ni wọ́n padà sọ bakitéríà náà.

Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè. Mo fẹ́ kó eégbọn fún ìwádìí. Ọ̀nà wo ló dára jù?

Wá aṣọ funfun tó nípọn, tó ní irun díẹ̀, mítà 1 ní gígùn àti mítà 1 ní ìbú. Rán ọ̀pá sí etí iwájú, so okùn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, kí o sì so nǹkan tó wúwo díẹ̀ mọ́ etí ẹ̀yìn kí aṣọ lè lẹ̀ mọ́ koríko. Fà á jẹ́jẹ́. Ní gbogbo mítà 10 sí 20, dúró, yí i padà, kí o fi ẹ̀mú ṣa ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fà á jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò pàdánù púpọ̀, torí eégbọn tó bá rí i pé aṣọ kì í ṣe ẹranko yóò jábọ́. Má ṣe é nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀: aṣọ tútù kì í mú eégbọn. Kọ iye ilẹ̀ tí o fà á lé sílẹ̀, kí o lè ṣírò iye eégbọn lórí mítà 100 níbùú lóròó.

Eégbọn kì í fò, kì í sì í tọ. Ó ń gun orí koríko, ó ń na ẹsẹ̀ iwájú méjì síta. Lára ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni ihò kékeré kan wà tó fi ń gbóòórùn èémí àti ooru ara ẹran. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń lo yìnyín gbígbẹ, ìyẹn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó dì: wọ́n á kó o sínú àpótí tó ní ihò, wọ́n á gbé e sórí aṣọ funfun, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde yóò sì jọ èémí ẹranko. Ó dára fún irú tó máa ń rìn wá bá ẹran, bíi *Amblyomma*. Irú *Ixodes* tó ń gbé Lyme kì í rin jìnnà, nítorí náà aṣọ fífà ló yẹ ẹ́.

Ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìdá 70 nínú 100 tó fún ẹni tó fẹ́ mọ irú eégbọn àti DNA tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí bakitéríà yè gbọ́dọ̀ mú eégbọn lọ láàyè, nínú ìgò kékeré tó ní bébà rírin díẹ̀, torí gbígbẹ ló ń yára pa á.

Àṣìṣe méjì ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni kí o da eégbọn mẹ́wàá pọ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò kan: bí àyẹ̀wò bá mú nǹkan, o kò ní mọ̀ bóyá ọ̀kan ló ní in tàbí gbogbo wọn. Èkejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eégbọn tí o já lára màlúù, tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, lè ní DNA kòkòrò àìfojúrí nínú láìjẹ́ pé ó lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ màlúù náà ni o ń yẹ̀ wò. Eégbọn tí ebi ń pa, tí o fi aṣọ mú nínú koríko, lẹ́rìí rẹ̀ wúwo.

Wọ́n ní bí eégbọn kò bá tíì pẹ́ lára, kò lè kó àìsàn ranni. Ṣé òótọ́ ni?

Fún Lyme, òótọ́ ni dé ìwọ̀n kan. Nínú ìfun eégbọn tí ebi ń pa ni bakitéríà náà ń gbé, ó sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bá wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, yóò pa èròjà ara rẹ̀ dà, yóò sì gbéra lọ sí ibi tí itọ́ ti ń ṣàn. Ìrìn yìí máa ń ju wákàtí 24 lọ. Èyí ló mú kí yíyẹ ara wò lálaalẹ́ níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi òfin Lyme bo gbogbo àìsàn. Fáírọ́ọ̀sì Powassan ti wà nínú itọ́ tẹ́lẹ̀. Nínú ìdánwò lára eku, ìṣẹ́jú 15 tó fún un. Eégbọn aláwọ̀ rírọ̀ tó ń gbé ibà aṣàdápadà máa ń wá lóru, á mu ẹ̀jẹ̀ tán, á sì lọ kí ẹni náà tó jí. Joseph Dutton àti John Todd ló ṣèwádìí ibà yìí ní Congo ní 1905. Ibà náà ló pa Dutton lọ́dún yẹn, níbi iṣẹ́. Ní ti ibà Crimean-Congo, kò tilẹ̀ dìgbà tí eégbọn bá gé ọ jẹ: ẹni tó fi ìka tẹ eégbọn *Hyalomma* fọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní in kàn án nígbà tó ń pa ẹran, lè kó o.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá rí eégbọn lára ọmọ mi?

Wá ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Mú eégbọn náà níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ara gan-an, kì í ṣe ní ikùn, torí títẹ ikùn lè ti ohun inú rẹ̀ síta. Fà á sókè tààrà, láìjá a gbà, láìyí i. Ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, torí eégbọn a máa fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù lẹ ara rẹ̀ mọ́ awọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù sínú, tí kò sì rọrùn láti yọ, fi í sílẹ̀. Awọ yóò tì í jáde fúnra rẹ̀. Fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí o sì kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀.

Má fi iná ìṣáná, kẹrosíìnì, ọ̀dà èékánná tàbí ìpara olóròóró lé e lórí. Wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, àkókò sì ni a ń sá fún.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí eégbọn gé mi jẹ. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó ń fẹ̀ sí i, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kò sí nǹkan. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá dókítà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Lyme kì í wá bakitéríà fúnra rẹ̀; ohun tí ara ń ṣe láti bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Àmì tó ń fẹ̀ yìí máa ń jáde láàárín ọjọ́ 3 sí 30. Ní ibi tí Lyme wà, dókítà tó mọṣẹ́ yóò fún yín lóògùn nítorí àmì yẹn nìkan, láìdúró de àyẹ̀wò. Lára awọ dúdú, pípọ́n rẹ̀ lè má hàn kedere; ó lè dà bí ojú ọgbẹ́ tó ṣókùnkùn, nítorí náà etí rẹ̀ tó ń fẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Àwọn kan kì í rí àmì kankan rárá, ibà, orí fífọ́ àti ara ríro nìkan ni.

Ẹ̀yin tó bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ eégbọn náà wò: bó bá ní bakitéríà, ìyẹn kò sọ pé ó ti kó o ràn yín, bí kò bá ní, òmíràn tí ẹ kò rí lè ti gé yín jẹ.

Ṣé bí wọ́n bá pa gbogbo àgbọ̀nrín, Lyme á tán?

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Lára àgbọ̀nrín ni àgbà eégbọn ti ń jẹun kí ó tó yé ẹyin tó tó ẹgbẹ̀rún méjì, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín kì í tọ́jú bakitéríà náà. Eku ẹlẹ́sẹ̀ funfun ni ọmọ eégbọn ti ń kó o. Bí àgbọ̀nrín bá dín kù gan-an, eégbọn yóò dín kù. Eku tó ní in ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé fífọ aṣọ ń pa eégbọn?

Omi tútù kì í pa á, ó lè la ìfọṣọ já. Ooru gbígbẹ ló ń pa á. Bí ẹ bá ti inú koríko dé, ẹ kó aṣọ gbígbẹ sínú ẹ̀rọ agbẹṣọ lórí ooru gíga fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bí aṣọ bá ti tutù, yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ kọ́kọ́, kí omi náà gbóná gan-an.