Ẹ Bi Oníná Léèrè: Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Ń Gbóná, Fíríìjì Tó Ń Gbéni

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ o, mẹ́rin ni mo rí mú, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jọra ju bí àwọn tó kọ wọ́n ṣe rò lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ aṣọ, ojú ihò ẹ̀ kan ti di búráwùn, tí mo bá ń lò ó púlọ́ọ̀gì á gbóná débi pé mi ò ní lè dì í mú, á tún máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ áyọ́ọ̀nù, mo ra tuntun, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta)

Èsì: Ìyá wa, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò níbẹ̀ báyìí, ẹ má sì fi nǹkankan síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra áyọ́ọ̀nù tuntun yẹn fi ètè sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá ni. Áyọ́ọ̀nù yín ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ìsopọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, bóyá síkúrúù tó di wáyà mú lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti tú, àbí irin inú ihò yẹn tó yẹ kó fún ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́ra ló ti yẹ̀, èyí tó wù kó jẹ́, iná ò rọ́nà kọjá dáadáa mọ́, ló bá ń di ooru síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 2,300 lórí iná fóòtì 230, ámípù 10 ló ń fà. Ká ní ìsopọ̀ tó tú yẹn ń dínà fún iná pẹ̀lú ìdajì óòmù péré, ooru tó máa jáde níbẹ̀ jẹ́ 10 lọ́nà 10, ká wá pín in sí méjì, wọ́ọ̀tì 50 nìyẹn. Ṣé ẹ rántí gílóòbù àtijọ́ oníwọ́ọ̀tì 40, ṣé ẹ lè fọwọ́ dì í mú tó bá ti tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Èyí tún ju ìyẹn lọ, ojú ibi tí ò sì tó èékánná ọmọdé ló ti ń jáde. Irin á gbóná á wú, á tutù á sún kì, síkúrúù á túbọ̀ máa tú, ooru á túbọ̀ máa pọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bíréékà ò ní já, torí ámípù 10 yẹn ò ju agbára ẹ̀ lọ, lójú tiẹ̀ gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ògiri sì ń jó lọ.

Kí wọ́n tó tú u, ẹ pa bíréékà ẹ̀ ní bọ́ọ̀dù, súìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ò tó o, torí iná ṣì wà lẹ́yìn súìṣì yẹn. Ẹ fi tẹ́sítà tọ́ ibi tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà fúnra ẹ̀ ò tíì kú, kẹ́ ẹ wá tọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ tún padà lọ tọ́ ti àkọ́kọ́. Ó jọ àṣejù, àmọ́ tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ àti wáyà tí ò ní iná, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Tí wọ́n bá fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ máa rí i pé kọ́pà ti dúdú, rọ́bà ara ẹ̀ ti gan bí ewé gbígbẹ. Kí wọ́n gé gbogbo ibi tó ti dúdú títí wọ́n á fi dé ibi tí kọ́pà ti ń dán, kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, tí wọ́n bá fún síkúrúù tán kí wọ́n fọwọ́ fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Kí wọ́n wo bí wáyà ṣe nípọn tó pẹ̀lú: wáyà oní-mílímítà onígun mẹ́rin 1.5 ti gílóòbù ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fẹ́ 2.5.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fọwọ́ kan fíríìjì wa láìwọ bàtà, ó máa ń dà bíi kí èèrà máa ta mí. Tẹ́sítà ń tàn lára ẹ̀. Bọ̀dá mi ní kí n ṣáà ti máa wọ bàtà. (Àbúrò yín)

Èsì: Àbúrò, bàtà kì í ṣe àtúnṣe. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní àwọ̀ gíríìnì àti yẹ́lò, òun ló yẹ kó so ara fíríìjì mọ́ ilẹ̀, kó jẹ́ pé iná díẹ̀ tó bá jò sára irin, ilẹ̀ ló máa bá lọ, kò ní dúró de ọwọ́ rẹ. Tiyín ti já níbì kan. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹkitẹ́ńṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì lẹ fi ń lò ó, ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń bá a. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí oníná tú púlọ́ọ̀gì wò, kó fi míítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì: láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) sí ẹ́ẹ̀tì yẹ kó sún mọ́ fóòtì 230, niútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) sí ẹ́ẹ̀tì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó tẹ̀lé wáyà ẹ́ẹ̀tì títí dé ìdí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Àwọn kan á kàn so ẹ́ẹ̀tì mọ́ niútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́sítà ò ní tàn mọ́, wọ́n á gbowó wọn, wọ́n á lọ. Ìkà gbáà ni! Ọjọ́ tí niútírà bá já, gbogbo ara fíríìjì á di láìfù, ìyẹn kì í ṣe èèrà mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi bíréékà RCD oní-mílíámípù 30 sí i náà, ìyẹn èyí tó máa ń já tí iná bá ń jò, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì T ara ẹ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, tí kò bá já nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti kú nìyẹn.

Ìbéèrè: Iná yàrá kan ṣàdédé lọ, bíréékà ò já. Mo fi tẹ́sítà tọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò méjèèjì ló tàn! Ṣé láìfù ti di méjì ni?

Èsì: Rárá o, ẹyọ kan náà ni. Niútírà ló já. Iná gba láìfù dé, ó gba inú tẹlifíṣọ̀n tàbí gílóòbù tẹ́ ẹ ò pa kọjá, ó bọ́ sínú wáyà niútírà, kò wá rọ́nà padà, ló bá dúró síbẹ̀ tó ń retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹ pa gbogbo gílóòbù, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tún un tọ́, ihò kejì á sábà kú. Mo mọ ọmọṣẹ́ kan tó di wáyà búlúù mú torí wọ́n ti sọ fún un pé niútírà kì í gbéni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́, èmi ni. Ẹ pa bíréékà, kí oníná máa tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò láti èyí tó ṣì ní iná kẹ́yìn sí èyí tó kọ́kọ́ kú, ìdí síkúrúù ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa ti bá a.

Tó bá wá jẹ́ pé iná onílà mẹ́ta ni, tí gílóòbù kan ṣàdédé mọ́lẹ̀ rekete, tí òmíràn ṣú, ẹ má ro nǹkan méjì, ẹ pa mén súìṣì ní kíá. Niútírà ìta ló já, fóòtì 230 lè gùn sún mọ́ 400, ọwọ́ àwọn tó ń gbé iná wá ló sì wà.

Ìbéèrè: Gílóòbù LED mi ṣì ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí mo ti pa á.

Èsì: Tí súìṣì yín bá ní iná pupa kékeré lójú, ìyẹn ló ń fún un ní iná díẹ̀, kò léwu. Tí kò bá ní, ẹ pa súìṣì, kí oníná fi tẹ́sítà tọ́ ẹnu hódà. Tó bá tàn dáadáa níbẹ̀, a jẹ́ pé niútírà ni wọ́n so mọ́ súìṣì, iná ò kúrò lẹ́nu hódà yẹn látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń pààrọ̀ gílóòbù. Kí wọ́n gbé láìfù padà sójú súìṣì.