Ọkàn mi ní ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló mú owó náà: ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm, Àáfà wa. Ó pẹ́ tí ọkàn mi ti máa ń sọ nǹkan fún mi kó tó ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láìpẹ́ yìí owó sọnù nínú ilé wa, ọkàn mi sì ń sọ pé ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló mú un. Ẹnì kan ní ilham ni, ìyẹn ohun tí Ọlọ́hun fi síni lọ́kàn, pé ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni, kí n má kóyán rẹ̀ kéré. Ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmú sàlámù, arábìnrin mi. Lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn, ẹ má fi ṣiṣẹ́ o. Ẹ má tilẹ̀ mú un dé etí ọkọ yín.

Mi ò sọ pé Ọlọ́hun kì í fi nǹkan sí ẹrú Rẹ̀ lọ́kàn. Ó wà nínú Súrà Al-Qasas (28:7) pé Ó fi mọ ìyá Ànábì Músà pé kó fún ọmọ náà lọ́mú, tí ẹ̀rù bá sì ń bà á, kó gbé e sínú odò. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ló gbà pé obìnrin yìí kì í ṣe ànábì. Ohun tó bá bọ́ síni lọ́kàn báyìí, láìṣe pé a kọ́ ọ tàbí a rí i, ni wọ́n ń pè ní ilham. Firasa, ìyẹn fífi àmì mọ ohun tó fara sin, yàtọ̀ sí i. Ti ẹni tó lajú sílẹ̀, tó ń ka àmì, ni.

Ṣùgbọ́n inú àyà kan náà ni Ṣàìtánì ń sọ̀rọ̀ sí, waswas nìyẹn. Nínú hádíìsì Ibn Mas'ud tí Tirmidhi gbà wá, màláíkà ń fọwọ́ kan ọkàn ọmọ Ádámọ̀, Ṣàìtánì náà ń fọwọ́ kàn án. Kò sì sí èyí tó ń dárúkọ ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Àbá tiwa fúnra wa tún wà níbẹ̀, èyí tí Súrà Al-Hujurat (49:12) sọ pé apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ta ló ń kà á?

Ẹ wo Umar, sàhábà Ànábì. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé tí ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ sí lọ́kàn bá wà nínú ìjọ òun, Umar ni. Umar ló dábàá pé kí wọ́n fi ibi ìdúró Ànábì Ibrahim ṣe ibi ìkírun, āyà (ẹsẹ Kùránì) sì sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní Hudaybiyyah, ọdún 6 Hijira, ọkàn Umar kan náà kọ àdéhùn tí Ànábì bá àwọn Kùráyìṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, ṣe. Ó bi Ànábì léèrè ìdí rẹ̀, ó tún lọ bi Abu Bakr, sàhábà mìíràn, èsì kan náà ló gbà. Lọ́jọ́ tí Ànábì kú, ó ń kéde pé kò kú, àfìgbà tí Abu Bakr ka āyà 3:144, tó sọ pé òjíṣẹ́ lásán ni Muhammad, tí ẹsẹ̀ Umar kò lè gbé e mọ́. Tí ti Umar bá ṣì nílò kí a gbé e lé orí òṣùwọ̀n, kí ni ká wá sọ nípa tèmi àti tiyín?

Ànábì fúnra rẹ̀ kò fi ìfura dájọ́. Obìnrin kan wà tí ìwà burúkú rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Ó ní bí òun bá máa sọ ẹnikẹ́ni lókò láìsí ẹ̀rí, obìnrin yẹn ni òun ìbá sọ lókò. Kò sì sọ ọ́ lókò.

Kódà lórí ara ẹni, wọn ò ní ká gba ìfura gbọ́: ẹni tó ń kírun tó rò pé òun so, kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìrun àfi tó bá gbọ́ ìró tàbí tó gbọ́ òórùn.

Ìfura loògùn àgbà, mo gbà. Ẹ fi ṣọ́ ara yín: ẹ ti àpótí yín, ẹ má fi owó sílẹ̀ gbalasa. Tí ọkàn yín bá ń kọ ohun kan tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ ṣe, ẹ dúró, torí Ànábì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó ń ha yín láyà tí ẹ kò fẹ́ káyé mọ̀. Tí ìpinnu bá ṣòro, ẹ kí rákáà méjì ìstikhárà, ìrun tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára fún wa, kí ẹ ṣe àdúà rẹ̀. Ẹ má dúró de àlá. Hádíìsì Jabir tó kọ́ wa ní ìstikhárà kò dárúkọ àlá rárá.

Tí ẹ bá sì ti sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí fún ẹnì kan, ẹ padà lọ bá onítọ̀hún lónìí, kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò rí nǹkan kan.