Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé fún àwọn ọmọ iléèwé girama

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ẹgbẹ́ òṣèré iléèwé wa. Àwa olùkọ́ láti iléèwé mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa jọ fún ọjọ́ méjì nígbà ìsinmi, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ eré orí ìtàgé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a fi ìdíje àti ife ẹ̀yẹ sí i, kí a sì pe àwọn èèkàn ìlú wá sọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Kí ni kí a ṣe?
*Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ. Ohun kan ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ dúró lé lórí níwájú ìgbìmọ̀: kí gbogbo ọmọ tó bá wá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ méjèèjì ṣe eré fúnra rẹ̀. Ìdíje kò ní jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Bí ife ẹ̀yẹ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, eré tí iléèwé kọ̀ọ̀kan ti kọ́ tán nílé ni wọn yóò gbé wá, àwọn ọmọ méjì mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ sí òṣèré ni yóò kó ipa gidi, àwọn yòókù yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó yẹ kó dán ohun tí kò mọ̀ wò yóò fà sẹ́yìn, kí iléèwé rẹ̀ má baà pàdánù nítorí tirẹ̀. Ẹ da àwọn ọmọ iléèwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ tí kò ju ọmọ 15 lọ, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka iṣẹ́ eré ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgó-Ìwòyè, tí kò jìnnà sí yín rárá, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún olùkọ́ kan tàbí méjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde.

Ara ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kan gbé garawa omi tí kò sí níbẹ̀ rù láti ẹnu ọ̀nà dé àárín gbọ̀ngàn, kí àwọn yòókù máa wo ọrùn àti èjìká rẹ̀. Bí ó bá yára yí orí padà láti kí ẹnì kan, kíá ni wọn yóò pariwo pé omi ti dà, òun náà yóò sì padà lọ gbé e lákọ̀tun. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fún wọn ní ìtàn kúkúrú láìsí ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn wá ọ̀rọ̀ sí i. Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnkiri ayé ijọ́un ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ọmọ Ọ̀sọ́sà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi lórí ọjọ́. Ní àsìkò ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí à ń pè ní Agẹmọ, tó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Keje, obìnrin kò gbọdọ̀ rí àwọn Agẹmọ bí wọ́n ti ń lọ sí Ìmọ̀sàn. Àwọn ọmọbìnrin yín àti àwọn olùkọ́ obìnrin kò ní lè rìn fàlàlà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ti Ojúde Ọba, kò sì sí ẹni tó lè fọkàn balẹ̀ kọ́ eré ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ Rẹ́mọ ni ẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ béèrè láàfin bóyá Orò wà nítòsí, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí òbí kankan. Oṣù Kẹjọ ni èmi yóò mú.

Ní ti owó, ẹ lo gbọ̀ngàn iléèwé kan, kí ẹ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán kí ẹ má baà ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí àwọn ọmọ máa tilé wá, kí wọ́n máa padà sílé. Oúnjẹ ọ̀sán àti bọ́ọ̀sì ni kí ẹ náwó lé. Ẹ pe àwọn èèkàn ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n wá wo ohun tí àwọn ọmọ ti ṣe. Kí ẹnì kan péré sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní Yorùbá inú ìwé nìkan ni kí a máa sọ lórí ìtàgé. Rẹ́mọ ni a ń sọ nílé wa. Ṣé àṣìṣe ni?
*Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ṣàgámù*

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ mi. Bí ẹ bá ń ṣe eré tó wà nínú ìwé ìdánwò, ẹ sọ ọ́ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́, ibẹ̀ ni olùkọ́ yín ti jàre. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin fúnra yín bá hun eré nípa ìyá aláta kan ní ọjà Ṣàgámù, Rẹ́mọ ló yẹ kí ó sọ, n kò sì rí ìdí tí a ó fi gba ohùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ bẹ olùkọ́ yín pé kí ó jẹ́ kí o dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí kò bá gbọ́ ọ, kọ́kọ́ la ẹnu dáadáa, kí o sì gbé ohùn rẹ sókè, kí o tó ronú àtiyí ọ̀rọ̀ padà.