Ta la ń fi tó létí ní Àgbádárìgì bí a bá fura pé wọ́n fẹ́ kó ọmọdé sọdá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀?

NAPTIP ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ pe 627. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ má dúró dè wọ́n o. Ẹ sáré tọ ọlọ́pàá tàbí àwọn Ìmígírésọ̀n tó wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Àwọn ló lè dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sì fa afurasí lé NAPTIP lọ́wọ́ fún ìwádìí àti ẹjọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti àwọ̀ aṣọ ọmọ náà sórí, ìyẹn wúlò ju àlàyé gígùn lọ.

Àwọn afurasí lè ní ọmọ náà ló gbà láti lọ. Ìyẹn ò tu irun kan lára òfin bí kò bá tíì pé ọdún 18.

Ní ti ìtọ́jú ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 fi í sí ìkáwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Bó bá sì jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2005.