Àkójọ yẹn ló ń dà wọ́n láàmú, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ní àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12 tí ẹ ń kọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní London kò rí nǹkan kan kọ látinú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ ń fà fún wọn. Ẹ ní àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 500 lẹ rí, pé ẹ̀rọ lẹ fi túmọ̀ rẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ dín ọ̀rọ̀ náà kù sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ iye tì ná. Ẹ jẹ́ ká wo àkójọ yẹn fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ṣàdédé fà, òun nìkan ló dá dúró. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, àtàwọn tó ń buwọ́ lu ìwé ilé-ẹ̀kọ́, a máa sọ pé kò pọn dandan kí á fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ fún ọmọdé, pé gbólóhùn á là á yé e. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú gan-an. Gbólóhùn wo? Káàdì tí wọ́n kọ "igba" sí kò ní gbólóhùn kankan. Ṣé igba tó jẹ́ 200 ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà òjò, àbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá títí ilẹ̀ fi ń ṣú lè méfò. Èyí tó jẹ́ pé wákàtí méjì péré ló ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ á kàn tẹjú mọ́ káàdì ni, wọ́n á sì ní orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé. Káàdì ni kò pé.

Nítorí náà, àmì gbọ́dọ̀ pé pérépéré kí ẹ tó gé káàdì kankan. Gboard, ìyẹn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google, ní ti Yorùbá bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó o lọ sínú Excel, ẹ ṣọ́ra: fáìlì àkójọ tí wọ́n ń pè ní CSV, tí wọn kò bá fi pamọ́ ní UTF-8 (ọ̀nà ìfipamọ́ tó mọ àwọn lẹ́tà wa), máa sọ ẹ, ọ, ṣ di wúruwùru, bí ẹ bá sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, àmì ti lọ nìyẹn, àfi kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Èyí tó ń dunni jù kò hàn sójú. "Ẹ́" lè jẹ́ ẹ tí wọ́n gbé àmì òkè lé, ó sì lè jẹ́ é tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà lojú ń rí, ṣùgbọ́n méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá sọ káàdì yìí di eré orí kọ̀ǹpútà, ọmọ á tẹ "ẹsẹ̀" láìṣi lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á ní kò gbà á. Ẹni tó bá ń bá yín ṣe eré náà gbọ́dọ̀ sọ àkójọ àti ìdáhùn ọmọ di NFC, ìyẹn ìlànà tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan, kó tó fi wọ́n wéra. NFC náà kò lè yanjú ti àwọn tó fi igi kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kíkán, ìyẹn dọ́ọ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo igi yẹn, kí ẹ fi kíkán rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíka lẹ́tà. "Agbọ̀n" jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lédè wa, nítorí gb jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà máa kà: ó ya g kúrò lára b, ó sì ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Nínú eré tí ọmọ ti ń méfò lẹ́tà, ojú kan ni kí ẹ fún gb.

Ẹ kọ àkójọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn sílẹ̀ pátápátá. "Brother" kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan fún wa, àfi kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Àkójọ inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìlànà àkọtọ́ 1974 náà ní tirẹ̀: "aiye" àti "enia" lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di ayé àti ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ 36 tó fún ìdìpọ̀ kan. Ẹ fa ilà kó di ojú mẹ́fà ní òòró, mẹ́fà ní ìbú, kí ẹ sì fi dáìsì lúdò méjì yàn án. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kun ọ̀kan: èyí tí ẹ kùn ń sọ ìbú, èkejì ń sọ òòró. Ẹ má ro wọ́n pọ̀ o. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 7 máa jáde lọ́nà mẹ́fà nínú 36, 2 á jáde lọ́nà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á máa rí títí á fi sú wọn.

Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni: ẹni tàbí nǹkan, ibi, àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe gba sùúrù. Ẹ kọ "bà … jẹ́" pẹ̀lú àlàfo láàárín, kí ọmọ rí i pé nǹkan ń wọ ibẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: "rà" ló wà lórí káàdì, "mo ra ẹran" ló máa kọ, bẹ́ẹ̀ "mo rà á" kò yí padà. Ẹni tí kò bá ṣàlàyé èyí á máa fi báírò pupa fa igi sí iṣẹ́ ọmọ láìnídìí. "Fòò" àti "fọ́fọ́" kò gbọ́dọ̀ dá káàdì ní. Ẹ kọ "pupa fòò", "kún fọ́fọ́", "dákẹ́ rọ́rọ́", torí kò sí ohun tí ọmọ lè fi fọ́fọ́ nìkan ṣe.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe eré tí lẹ́tà ìparí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, ẹ mọ̀ pé "ìlú" máa dá a dúró, nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi u bẹ̀rẹ̀. Àfi ọmọ tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ọmọ Èkìtì, ló máa rí "ulé" pè. Lórí n náà, "nǹkan" ni gbogbo wọn á sáré pè, ó sì tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú: "lọ" lè tẹ̀ lé "ìlú", "rìn" lè tẹ̀ lé "ẹran".

Ẹ fi í sí mẹ́ta bó ṣe wà, ọ̀kan látinú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ lè pààrọ̀ ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n bá ti lò, ẹ fàlà sí i.